Mo ti pààrọ̀ símù, ó ṣì ń mọ ibi tí mo wà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláṣọ_Òfì (Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti kúrò nílé ọkọ, èmi àti ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀dọ̀ ẹbí kan la wà n'Íbàdàn báyìí. Ọkùnrin yìí ò jẹ́ kí n rímú mí. Bí mo bá lọ sí Dùgbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, á ti tẹ màmá mi láago: "Ẹ bá mi bi í, kí ló lọ ṣe ní Dùgbẹ̀?" Mo lọ kó ọjà l'Ọ́jẹ́, ó mọ̀. Mo sọ símù àtijọ́ nù, mo ra tuntun, mo fi NIN mi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹni mẹ́ta péré ni mo fún ní nọ́ńbà náà. Ọjọ́ kejì ló tún sọ pé òun mọ̀ pé mo wà ní Mọ́kọ́lá.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò ní másìtì ni wọ́n fi ń tọ mí lẹ́sẹ̀, pé kí n mú 25,000 náírà wá kí òun bá mi dí i. Ṣé òótọ́ ni? Àbí kí n kúkú ta fóònù yìí?

Bàbá_Símù (9:40 alẹ́)

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ọmọ yẹn. Kò sí ẹni tó lè jókòó sí ìsọ̀ kó máa bá ẹlòmíì dí másìtì. Iṣẹ́ fóònù ni mo ń ṣe n'Íkẹjà, mo sì ti wà nídìí ẹ̀ láti ayé tí símù ti jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi yangàn níbi òde.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kan fún yín. Orúkọ tí fóònù kan ń jẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Nọ́ńbà tí a fi ń pè yín, ti ojú ayé nìyẹn. Símù fúnra ẹ̀ ní nọ́ńbà mìíràn nínú, díjíìtì 15, IMSI ni wọ́n ń pè é. Ti símù Nàìjíríà, 621 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Fóònù náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, IMEI. Ẹ tẹ *#06# ẹ ó rí i. Tó bá jẹ́ fóònù onísímù méjì, IMEI méjì ló ní. Wi-Fi inú ẹ̀ tún ní orúkọ tiẹ̀. Ti símù nìkan lẹ pààrọ̀ nínú gbogbo ìyẹn. Ìṣẹ́jú tí ẹ ti símù tuntun bọ inú fóònù àtijọ́, nẹ́tíwọ̀kì ti rí i pé ará kan náà ló pààrọ̀ ẹ̀wù.

Ṣùgbọ́n ọkọ yín kọ́ ni nẹ́tíwọ̀kì. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ dáhùn nìyẹn: ta lẹ̀ ń sá fún? Ohun tí a fi ń sá fún ìjọba kọ́ la fi ń sá fún oní-Wi-Fi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun la fi ń sá fún ẹni tó ti bá ni gbélé rí.

Ayé_Ń_Yí (9:52 alẹ́)

Ẹ fi VPN sí i, áàpù tó ń fi ọ̀nà yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́. Ó tán.

Ẹnjiníà_Orí_Òpó (10:05 alẹ́)

Kò tán o, @Ayé_Ń_Yí. Gbogbo wa la lo VPN nígbà tí ìjọba ti Twitter pa láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022, ó sì ṣiṣẹ́, torí ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n dí. VPN á fi ohun tí ẹ ń wò pamọ́ fún ẹni tó ni Wi-Fi, á sì fi àdírẹ́sì yín pamọ́ fún ìkànnì tí ẹ lọ. Àmọ́ orí másìtì ni VPN náà ń gbà kọjá. Másìtì mọ ibi tí ẹ dúró sí, VPN wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o. Bó bá sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn gbé àṣírí kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíì tí ẹ ò mọ̀ rárá ni.

Mo ti bá àwọn tó ń gun másìtì ṣiṣẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Fóònù tó wà nínú báàgì yín, tí ẹ ò fi pe ẹnì kankan láti àárọ̀, kò dákẹ́. Ó ń yọ́ sọ fún másìtì pé "mo wà níbí", kí ìpè lè rí i. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo másìtì orílẹ̀-èdè yìí ni ì bá máa pariwo orúkọ yín kí aago tó dún. Nítorí náà, kò sí bí ẹ ṣe lè gba ìpè kí nẹ́tíwọ̀kì má mọ àgbègbè tí ẹ wà. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Báwo ni ó ṣe mọ̀ ọ́n tó? Lórí 2G, nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́ yẹn, másìtì fi àkókò tí ọ̀rọ̀ fi ń rìn wọn jíjìnnà yín ní ìwọ̀n bíi mítà 550, mítà 550, títí dé kìlómítà 35. Ní ìgboro tí másìtì ti sún mọ́ra, ó máa ń há ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóko, ó lè má mọ̀ ju pé ẹ wà lápá ibì kan láàárín Ìsẹ́yìn àti Òkèhò.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ bi yín: nígbà tí ọkùnrin yẹn bá ń sọ̀rọ̀, ṣé àdúgbò ló ń dárúkọ ni, àbí ṣọ́ọ̀bù gan-an?

Àkànkẹ́_Peckham (11:30 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀jú, àǹtí wa. Mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Wi-Fi kún un, torí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ẹ̀. Ní London níbí, lọ́dún 2013, ilé-iṣẹ́ kan fi ẹ̀rọ sínú àwọn àpótí ìdọ̀tí tó wà lójú títì ní City, àdúgbò àwọn báńkì. Gbogbo fóònù tó bá ti ṣí Wi-Fi kọjá, àpótí náà á gba orúkọ Wi-Fi ẹ̀ sílẹ̀, á sì mọ̀ bí fóònù kan náà bá padà wá. Àpótí ìdọ̀tí o! Nígbà tí ìwé ìròyìn tú u síta, àwọn aláṣẹ City ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ ti dẹ̀ díẹ̀ báyìí. Láti Android 10, àti iOS 14 lápá iPhone, fóònù máa ń fi orúkọ àdábọwọ́ wọ Wi-Fi kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ inú Wi-Fi tí ẹ ń lò, ẹ wò ó bóyá Randomized MAC tàbí Private Wi-Fi Address wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí làǹfààní ẹ̀ bí ẹ bá fi orúkọ ara yín sọ hotspot? Mo wọ bọ́ọ̀sì 36 lọ́jọ́sí, mo ṣí Wi-Fi mi, mo rí hotspot kan tó ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan, orúkọ bàbá ẹ̀, àti Nurse lẹ́yìn ẹ̀. Mo gbójú sókè, aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì wà lọ́rùn obìnrin kan níwájú. Orúkọ tí ẹ sọ fóònù yín náà ni Bluetooth ń pè. Ẹ yí i sí ohun tí kò nítumọ̀.

Aláṣọ_Òfì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀)

Ẹ ṣeun gan-an. Mi ò sùn dáadáa. @Ẹnjiníà_Orí_Òpó, ìbéèrè yín ló wà lọ́kàn mi mọ́jú. Ṣọ́ọ̀bù gan-an ló ń dárúkọ. Ti Dùgbẹ̀ yẹn, ó ní "ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì".

Ohun kan tí mi ò sọ: òun ló ra fóònù yìí fún mi lọ́jọ́ ìbí mi. Òun náà ló ṣí Gmail orí ẹ̀, torí mi ò rójú ṣe é nígbà yẹn.

Bàbá_Símù (7:15 àárọ̀)

Ẹ̀hẹ́n! A ti dé ibẹ̀. Orúkọ kan ló kù tí mo gbàgbé láti kà lánàá, òun gan-an ló sì ń tú èèyàn fó jù: àkáǹtì. Ẹni tó bá mọ Gmail yín àti páswọ́ọ̀dù ẹ̀ lè jókòó sí Kánò, kó ṣí Find Hub tí wọ́n ń pè ní Find My Device tẹ́lẹ̀, kó sì máa wo fóònù yín bó ṣe ń rìn lọ lórí máàpù. Kò nílò másìtì. Kò nílò nọ́ńbà yín. Ẹ̀yin lè pààrọ̀ símù nígbà ogún. Google Maps náà tún ní ibì kan tó ń jẹ́ Location sharing. Bó bá gba fóònù yín fún ìṣẹ́jú kan péré nígbà tí ẹ wà nílé, ó lè tẹ̀ ẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ títí ẹnì kan á fi pa á.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan lórí fóònù yẹn o. Ẹ kọ́kọ́ yá fóònù ẹlòmíì, ti màmá tàbí ti ọ̀rẹ́ tí ọkọ yín ò fọwọ́ kàn rí, kí ẹ ti orí ẹ̀ ṣí ímeèlì tuntun, pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù tí kò lórúkọ ọmọ nínú. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo tàtijọ́: ẹ wọ Location sharing, ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹ wo Your devices nínú àkáǹtì Google, bóyá kọ̀ǹpútà kan tí ẹ ò mọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wọ Linked devices lórí WhatsApp. Gbogbo ohun tí ẹ bá rí, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fọkàn tán. Ìgbà yẹn lẹ tó lè yọ ọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ti fọwọ́ ara ẹ̀ jó ẹ̀rí ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì (7:33 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ Bàbá_Símù dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kan kún un, torí ojú mi ti rí i. Ọjọ́ tí ẹ bá pa á lójú, ó máa mọ̀ pé ẹ ti mọ̀. Tèmi, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló wá kan ilẹ̀kùn ilé ẹ̀gbọ́n mi. Àǹtí, ẹ má dá nìkan ṣe é. Ẹ sọ fún ará ilé tí ẹ wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí ọkùnrin méjì mẹ́ta wà nílé. Fún ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ má gba ojú ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà. Àwọn tó mọ fóònù ò mọ ìyẹn.

Bàbá_Símù (7:41 àárọ̀)

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Òótọ́ lẹ sọ, mi ò ro ìyẹn mọ́ ọn.

Kò_Kàn_Mí (12:10 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ àǹtí yìí yé mi. Ṣùgbọ́n àwa tí a ò sá fún ọkọ ńkọ́? Èmi ò ṣe yàhúù, èmi ò jalè. Kí wọ́n máa wò mí.

Àkànkẹ́_Peckham (12:44 ọ̀sán)

@Kò_Kàn_Mí, ṣé ẹ rántí ìgbà tí àwọn áàpù ayánilówó ń kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù èèyàn? Àbúrò mi kan yá 15,000 náírà, ó pẹ́ ọjọ́ méjì kó tó san án. Pásítọ̀ ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀, ọkùnrin tó ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ, gbogbo wọn ló gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni. Èmi náà gbà á, ní London! Ní 2023 ni Google fòfin dè é pé áàpù ayánilówó kankan ò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tàbí fọ́tò inú fóònù mọ́. Àwa tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí ò jalè, a ò tiẹ̀ yáwó. Nọ́ńbà wa kàn wà nínú fóònù ẹnì kan ni.

Ẹnjiníà_Orí_Òpó (1:20 ọ̀sán)

Mo fẹ́ dáhùn ìyẹn náà. Ní Jámánì, olóṣèlú kan wà tó ń jẹ́ Malte Spitz. Ó pe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ẹ̀ lẹ́jọ́ kí wọ́n lè kó ohun tí wọ́n ní nípa òun fún un. Ohun tó gbà jẹ́ ti oṣù mẹ́fà, láti 2009 wọ 2010, ó lé ní 35,000 ìlà. Ní 2011, ìwé ìròyìn Die Zeit fi í sórí máàpù: ìgbà tó wọ rélùwéè, ìgbà tó sùn, ìlú tó sùn sí. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ kankan nínú ohun tí ilé-iṣẹ́ náà kó fún un o.

Ẹni tó bá sì rò pé bí wọ́n bá yọ orúkọ kúrò, ó ti bọ́, kó tún un rò. Àwọn onímọ̀ kan wo àkọsílẹ̀ fóònù èèyàn mílíọ̀nù kan ààbọ̀ fún oṣù 15, wọ́n gbé èsì jáde ní 2013. Kò sí orúkọ nínú ẹ̀. Ibi mẹ́rin péré, pẹ̀lú wákàtí tí ẹni náà wà níbẹ̀, ti tó láti ya èèyàn 95 nínú 100 sọ́tọ̀ láàárín gbogbo wọn. Ẹ wo ara yín: ilé, ìsọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ilé ìwé ọmọ. Ta ló tún ń rin ìrìn yẹn yàtọ̀ sí yín?

Ayé_Ń_Yí (1:45 ọ̀sán)

Ẹnjiníà, mo gbọ́ pé àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹni pé másìtì ni, tí fóònù á lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣé irọ́ ni?

Ẹnjiníà_Orí_Òpó (2:02 ọ̀sán)

Kì í ṣe irọ́. 2G ni ihò tí wọ́n ń gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣe 2G, fóònù ló gbọ́dọ̀ fi ara ẹ̀ han másìtì, másìtì ò sì ní fi ara ẹ̀ han fóònù. Ó dà bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, tó mú káàdì jáde láì bi ọlọ́pàá pé "ẹ̀yin náà, ẹ mú tiyín wá". Láti 3G ni àwọn méjèèjì ti ń wo ojú ara wọn. Lórí 5G, wọ́n tilẹ̀ lè fi kóòdù bo IMSI kó tó jáde kúrò nínú fóònù, bí ilé-iṣẹ́ bá tan ètò náà.

Àwọn Android kan, láti Android 12, ní Allow 2G nínú ètò símù, tí ẹ lè pa. Lockdown Mode, ètò ààbò líle orí iPhone, náà ń pa á láti iOS 17. Àmọ́ ẹ ronú kí ẹ tó ṣe é. Bí abúlé yín bá jẹ́ 2G nìkan ló dé ibẹ̀, ẹ ò ní rí ìpè gbà. Èmi máa ń pa á n'Íbàdàn, mo máa ń tàn án bí mo bá ń lọ sóko bàbá mi. Ọ̀rọ̀ àǹtí yìí ò sì dé ibẹ̀ rárá, ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ohun tí ọkọ ń rà.

Agbẹjọ́rò_Ìgbàlà (6:30 ìrọ̀lẹ́)

Mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀ sí i. Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà 2023, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan pé kí lẹ ní nípa mi. Ìyẹn ń bá ilé-iṣẹ́ wí. Ti ẹni tó ń ṣọ́ obìnrin kiri, òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 wà, òfin VAPP ti 2015, tó ka ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀, náà sì dárúkọ ṣíṣọ́ èèyàn kiri. Àwọn ìpínlẹ̀ ló ń sọ VAPP di tiwọn, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tó wà nítòsí bí ti Ọ̀yọ́ ṣe rí. Ẹ kó àwọn fọ́tò tí Bàbá_Símù sọ dání. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tó pe màmá yín sílẹ̀, kódà kó jẹ́ sínú ìwé ọmọ iléèwé.

Aláṣọ_Òfì (Ọjọ́ Ẹtì, 8:20 alẹ́)

Mo ti ṣe é o. Orúkọ ẹ̀ wà ní Location sharing lóòótọ́, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ wà nínú Your devices. A ya fọ́tò gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjì wá sùn lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́rú. Kò wá, a dúpẹ́. Àkáǹtì tuntun ni mò ń lò báyìí.

Ṣùgbọ́n lánàá, Ọjọ́bọ̀, mo mú ọmọ lọ sí Bódìjà lọ ra bàtà. Ní aago mẹ́rin, ó pe màmá mi: "Ṣé bàtà Bódìjà ló wù ú báyìí?" Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹnjiníà_Orí_Òpó (8:26 alẹ́)

Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Kí ni ọmọ mú dání?

Aláṣọ_Òfì (8:31 alẹ́)

Tablet ẹ̀ ló máa ń fi ṣeré nínú mọ́tò.

Bàbá ẹ̀ ló rà á.

Ẹnjiníà_Orí_Òpó (8:38 alẹ́)

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Family Link nìyẹn, ètò Google tí òbí fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ ọmọ. Òbí tó bá ṣí àkáǹtì ọmọ lórí ẹ̀ lè máa wo ibi tí tablet wà. Kò dandan kó ní símù, bó bá ti gba Wi-Fi tàbí hotspot fóònù yín, ó tó. Ṣé hotspot yín ló ń lò nínú mọ́tò?

Aláṣọ_Òfì (8:40 alẹ́)

Bẹ́ẹ̀ ni. Tèmi ni.

Agbẹjọ́rò_Ìgbàlà (9:02 alẹ́)

Ẹ ṣọ́ra níbí. Bàbá ọmọ ni, ẹjọ́ ọmọ kò sì tíì délé ẹjọ́. Ẹ má fọ́ tablet, ẹ má ta á. Ẹ kàn má gbé e jáde.

Bàbá_Símù (9:10 alẹ́)

Ẹ gbé e lọ sílé màmá yín. Ibẹ̀ ló kúkú mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kó máa wò ó níbẹ̀ títí ojú á fi dùn ún. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣeré, kó lọ bá ìyá ìyá ẹ̀. Ẹ sì wo báàgì ọmọ, inú mọ́tò, kọ́kọ́rọ́ ilé. Àwọn nǹkan rébété kan wà tí wọ́n ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ kó má baà sọnù, Bluetooth ló ń lò. Android àti iPhone ti máa ń kìlọ̀ bí irú ẹ̀ bá ń tẹ̀ lé yín, ẹ má fojú fo ìkìlọ̀ yẹn.

Aláṣọ_Òfì (Ọjọ́ Ajé, 7:05 alẹ́)

Tablet ti wà nílé màmá láti Àbámẹ́ta. Lánàá mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí mi ò lọ rí, lónìí mo lọ kó òfì l'Ọ́jẹ́, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Màmá ní ó pe òun ní ọ̀sán, ó ní ṣé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ yín ni. Màmá ní, "Ó wà níbí, ó ń jẹun." Ọmọ wà ní iléèwé o.

Ọmọkùnrin onífóònù yẹn tún bi mí nípa 25,000. Mo ní kó lọ dí ti ara ẹ̀.

Kò_Kàn_Mí (7:30 alẹ́)

Ẹ kú oríire, àǹtí. Ẹnjiníà, ìbéèrè kan: bí mo bá fi fóònù sí airplane mode, ṣé ó ti dákẹ́ nìyẹn?

Ẹnjiníà_Orí_Òpó (7:52 alẹ́)

@Kò_Kàn_Mí, ó ti wá kàn yín nìyẹn! Ó dákẹ́ sí másìtì. Bluetooth lè máa ṣiṣẹ́ lọ lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ pa á lọ́tọ̀. GPS ṣì lè máa gbọ́, torí òun kì í sọ̀rọ̀, ó kàn ń gbọ́ ohun tí sátẹ́láìtì ń sọ ni. Áàpù lè tọ́jú ibi tí ẹ lọ, kó wá rò ó nígbà tí ẹ bá tan dátà padà. iPhone 11 sókè, láti iOS 15, ṣeé wá rí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á pátápátá, àfi bí ẹ bá yọ ètò náà kúrò. Bó bá jẹ́ ibi tí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lẹ̀ ń lọ lóòótọ́, ilé ni kí ẹ fi fóònù sí.